Jẹ́jẹ́ àti Orogún Mi Onítáyà Mẹ́rin

Ọkọ mi kì í sáré. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tí kò mọ ìyẹn. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Jẹ́jẹ́, orúkọ náà sì ti bo èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Bó ṣe ń wakọ̀ náà ló ṣe ń jẹun, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń wọ bàtà. Èmi aránṣọ tí ẹsẹ̀ mi kì í kúrò lórí ẹ̀rọ, màá ti rán apá ẹ̀wù méjèèjì kó tó so okùn bàtà ẹsẹ̀ kan tán. Mo máa ń bú u. Ọkọ mi ni, mo lè bú u. Kí ẹlòmíì dán an wò lójú mi, á rí ìjà.

Màmá kan ló ń wakọ̀ fún. Agbẹ̀bí ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìdajì àwọn tó ń fọ́nnu ládùúgbò wa, Màmá ló gbẹ̀bí wọn. Ọkọ wọn, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ló ra mótò náà nígbà tí nǹkan ṣì ń ṣẹnuure. Mótò olówó gọbọi ni o. Ó dúdú, ó gùn, awọ ni wọ́n fi bo ìjókòó rẹ̀ látòkè délẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sì í dún gbàgà bíi tàwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ogbó ti dé sí i. Awọ ìjókòó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èmi ni mo fi abẹ́rẹ́ ńlá rán an pa dà. Gíláàsì ẹ̀yìn kì í gòkè àfi téèyàn bá fọwọ́ bá a gbé e. Ilé wa ló ń sùn, torí pé àwọn ayálégbé ti fi mótò tiwọn gba gbogbo àgbàlá Màmá.

Orogún mi ni mo máa ń pè é. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀, kí ọkọ mi tó bi mí bóyá mo jí ire, á ti jáde lọ wo mótò. Á fi aṣọ rírọ̀ nù ún lójú, á fi òróró pa ìjókòó rẹ̀, á máa bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́ta fún un, ta ló ń fi òróró pa mí lára?

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ mi wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Kọ́kọ́rọ́ mótò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí i síwá sẹ́yìn bíi pé kò mọ ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Mo dá ẹ̀rọ dúró.

"Dádì, kí ló dé? Ta ló kú?"

"Mótò ni," ó wí. "Aránṣọ, mótò kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí afárá."

Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnu mi ò gbà á. Ó ní òun wà láàárín afárá, Màmá wà lẹ́yìn, wọ́n ń sọ ìtàn obìnrin kan tó bí ìbẹta, àfi bí ẹ́ńjìnnì ṣe dákẹ́. Kò wúkọ́, kò jà, ó kàn dákẹ́. Sítíárìn le gbagidi lọ́wọ́ rẹ̀. Bíréèkì le, ó ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń fọn họ́ọ̀nù, wọ́n ń yà fún un bí ẹni ń yà fún akọ màlúù. Ó tiraka títí ó fi gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi tutù. Ló bá tún yí kọ́kọ́rọ́, mótò dáhùn bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ rí.

"Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run," mo wí.

"Màmá ò mọ̀ pé a fẹ́ kú," ó wí. "Ìtàn ìbẹta yẹn ni wọ́n ń bá lọ."

Ká ní mótò bíi tèmi àti tiyín ni, a ó gbé e fún mẹkáníìkì tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, ọ̀rọ̀ tán. Àmọ́ Màmá ò gbà. Olóògbé ti ní àwọn kọ́ńpìnnì tó ta mótò náà nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ohun tí olóògbé bá sì sọ, abẹ gé e. Lọ́jọ́ kejì, iná kékeré kan tàn níwájú sítíárìn, àwòrán ẹ́ńjìnnì ni, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ọsàn tó pọ́n. Màmá rí i, wọ́n kọ̀, wọ́n ní àwọn ò wọ mótò tó ń tanná ikú. Mótò àyálò ni wọ́n bá lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, iná náà ò tàn lójú Màmá mọ́. Mo rò pé ó ti sàn.

Ọkọ mi gbé e lọ sí kọ́ńpìnnì. Ẹ wá wò ó lọ́jọ́ yẹn! Ó wẹ mótò, ó wẹ ara rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo rán fún ìgbéyàwó àbúrò mi. Mo bá a lọ torí pé mi ò fẹ́ kó dá wà nínú nǹkan yẹn. Jìngbìnnì ni ibẹ̀ kún fún gíláàsì. Mótò tuntun tò kalẹ̀ bí àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó ilé, òtútù ẹ̀rọ amúlétutù ń fọ́ni létí. Obìnrin kan ló ń gba mótò wọlé, ọmọdébìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tó ń pè wá ní "mà" àti "sà" títí ara mi fi ń yún mi. Mẹkáníìkì wọn, ọkùnrin kan tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju aṣọ ìjáde ẹlòmíì lọ, ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ abẹ́ sítíárìn. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó mi orí.

"Kò sí nǹkan kan níbí," obìnrin náà wá jíṣẹ́ fún wa. "Mótò yín ò ráhùn o, sà."

Wọ́n bá kàn pààrọ̀ ohun tó ń fa epo, wọ́n pààrọ̀ asẹ́, wọ́n ní kí ọkàn wa balẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ lóòótọ́. Ta ni mo jẹ́ tí màá bá kọ̀ǹpútà jiyàn?

Ó tún kú. Nítòsí ilé ìwé ni, nígbà tí àwọn ọmọ ń jáde. Òun nìkan ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mótò sì ń yí lọ láìsí ẹ́ńjìnnì títí ó fi gbá òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bíi pé ọwọ́ ẹlòmíì ni. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti jáde, mi ò lè rán ìlà tó tọ́ mọ́. Mo rán apá ẹ̀wù oníbàárà kan mọ́ ọrùn.

Ọjọ́ oríta ló wá burú jù. Màmá fẹ́ ra aṣọ, wọ́n ní kí n bá àwọn lọ yàn án. Mo jókòó tì wọ́n lẹ́yìn mótò, a ti ra aṣọ bọ̀, mo tẹ́ ẹ sórí itan mi, mo ń fi ìka wọn ibi tí màá ti gé e. A dé oríta kan tó ga díẹ̀, tí kò sí iná tó ń darí ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, kó wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó fi ara rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Jẹ́jẹ́ dúró. Ó wò. Ó tẹ̀ ẹ́, mótò yọrí jáde. Ó kú.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo gbé orí sókè. Họ́ọ̀nù tírélà bú gbàù láti ọwọ́ òsì, gbogbo fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ sì ṣú dùdù. Ó kọjá níwájú wa gan-an. Mo rí táyà rẹ̀, mo rí àwọn nọ́ọ̀tì tó wà lára táyà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo rí ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn. Atẹ́gùn rẹ̀ mi mótò wa láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Màmá ti di ọrùn ọwọ́ mi mú, èékánná wọn wọlé sí mi lára.

Tírélà dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Awakọ̀ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀. "Ṣé orí yín dàrú ni? Ẹ fẹ́ fi tiyín kó bá mi!"

Jẹ́jẹ́ ò bọ́ sílẹ̀. Ó di sítíárìn mú, ó ń wo iwájú. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn nìyẹn, tí aṣọ Màmá já sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mótò ló kú!" mo pariwo mọ́ ọn. "Ṣé ẹ ò rí i pé mótò ló kú ni? Ta ló máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dúró síbi tírélà ti ń bọ̀? Ẹ máa lọ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí èémí mí!"

Ó wò wá, ó wo Màmá tó jẹ́ arúgbó, ó pòṣé, ó pa dà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ létí gọ́tà.

Wọ́n fi ọkọ̀ afàmọ́tò gbé e lọ sí kọ́ńpìnnì. Kọ́ńpìnnì tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, ọkọ mi sì lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù kí àwọn mẹkáníìkì wọn tó dé, ó ní òun fẹ́ nù ún kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí èmi àti Màmá fi máa débẹ̀, wọ́n ti ki wáyà wọn bọ̀ ọ́. Kò sí nǹkan kan. Obìnrin tó ń gba mótò wọlé sọ̀rọ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà téèyàn bá ń túfọ̀.

"Màmá, ẹ̀rọ wa ò rí àléébù kankan. Ẹ dákun, ta ló máa ń wà á?"

Gbogbo wa wo Jẹ́jẹ́.

Ọmọ Màmá, àkọ́bí wọn tó wà lókè òkun, ló bá ń sọ̀rọ̀ jáde látinú fóònù tí Màmá ti fi pè é. "Màmá, mo ti sọ fún yín tipẹ́. Dírẹ́bà yín ti dàgbà. Òun ló ń tẹ nǹkan tí kò yẹ kó tẹ̀. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pa yín." Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ọkọ mi náà gbọ́ ọ. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó tún un dé.

Màmá pa fóònù. Ojú wọn kún fún omi. "Jẹ́jẹ́, o ti gbé mi lọ sìnkú ọkọ mi, o gbé mi bọ̀. Mi ò fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí wọn ò bá tún rí nǹkan kan..." Wọn ò parí rẹ̀.

Kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ lásán ni, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ọkọ mi ò mọ nǹkan míì ṣe láyé. Kò mọ bọ́ọ̀lù, kò mọ ayò, kò tilẹ̀ mọ òfófó. Ọkọ̀ wíwà ló mọ̀, kò sì fi ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí. Tí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò mọ̀ ọ́n wà mọ́, ṣé ẹ rò pé á jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Mo mọ ọkọ mi. Inú yàrá wa lá jókòó sí, á máa kú díẹ̀díẹ̀, jẹ́jẹ́ náà ni.

Ẹ̀rù tèmi wá pín sí méjì. Tó bá jẹ́ mótò ni, mótò á pa á. Tí kì í bá ṣe mótò ńkọ́? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bó bá wọ balùwẹ̀, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà títí màá fi gbọ́ ìró omi. Bó bá ń jẹun tó dá ṣíbí dúró, àyà mi á já. Ṣé oorun ló máa ń gbé e lọ nídìí sítíárìn ni? Ṣé ọkàn rẹ̀ ló máa ń dúró díẹ̀? Ẹnu mi ò ní bíréèkì, mo bi í léèrè.

"Dádì, ẹ má bínú o, ṣé ẹ kì í sùn lójú ọ̀nà?"

Ó dìde, ó jáde kúrò nílé pẹ̀lú ìbínú. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tó yára rìn.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò pé, mo jí kí n baà lè tẹ̀ lé e. Mo gbé tíì jáde lọ fún un, mo bá a tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mú sípánà dání, ó ti tú orí bátìrì.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Iná yẹn ni mo ń pa," ó wí. "Ó tún tàn lánàá. Tí mo bá tú orí bátìrì báyìí, tí mo mu tíì mi tán kí n tó dì í pa dà, á kú. Onítakisí kan ló kọ́ mi. Láràárọ̀ tó bá ti tàn ni mo máa ń ṣe é, kí Màmá má baà tún rí i."

"Ilé àwọn tó máa tún un ṣe la sì ń lọ yìí."

Ó wò mí bíi pé mi ò ní ẹ̀kọ́ ilé. "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o lè gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ikun máa ṣàn nímú rẹ̀? Wọ́n á ní ta ló ń tọ́jú ẹ̀? Mótò tó gbó tún wá tan iná wọlé tọ̀ wọ́n, wọ́n á fi wá ṣẹ̀sín."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Ẹ gbọ́ o, èmi náà kì í jẹ́ kí ọmọ mi jáde láìwẹ̀. Mo gbé tíì fún un, a dúró títí ó fi mu ún tán, ó di orí bátìrì pa dà, ó fi aago ọwọ́ rẹ̀ tún aago mótò ṣe, a lọ.

Ní kọ́ńpìnnì, wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́. Mo jókòó sórí àga rírọ̀ wọn, mo ń gbàdúrà. Tẹ́lẹ̀ rí, à ń gbàdúrà kí mótò má bàjẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo ń bẹ Ọlọ́run kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí mótò náà bàjẹ́. Obìnrin náà jáde wá. Mo ti rí i lójú rẹ̀ kó tó la ẹnu.

"Ẹ má bínú, mà. Kò sí nǹkan kan."

Inú mi ru. "Kò sí nǹkan kan, kẹ̀! Ẹ fẹ́ sọ pé ọkọ mi ló bà á jẹ́? Ọkọ mi tó ń tọ́jú mótò yẹn ju bó ṣe ń tọ́jú mi lọ? Láràárọ̀ ló ń nù ún! Iná tí ẹ̀yin ò rí pa yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń pa á! Á tú orí bátìrì, á dì í, iná á lọ! Ta ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo àwọn dírẹ́bà yín?"

Obìnrin náà sún mọ́ mi. "Ẹ ní ó ń ṣe kí ni, mà?"

Mo tún un sọ, mo tilẹ̀ fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Mo rò pé mo ń gbè é lẹ́yìn ni. Obìnrin náà yíjú, ó pe mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì dé, ó gbọ́ ọ, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Bàbá," ó wí fún ọkọ mi, "ṣé lónìí náà lẹ ṣe é? Kẹ́ ẹ tó wá?"

"Lónìí náà," Jẹ́jẹ́ dáhùn.

"Ọjọ́ tí wọ́n wọ́ ọ wá ńkọ́?"

"Mo ṣe é láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó dé ìdí ẹ̀. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ sọ pé mi ò tọ́jú ẹ̀."

Mẹkáníìkì jókòó tì wá. Kò rẹ́rìn-ín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi. Ó ní bí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣe ségesège, mótò máa ń tọ́jú ohun tó ṣe é pamọ́ sínú, iná yẹn ló fi ń ké sí èèyàn pé kó wá gbọ́. Téèyàn bá tú bátìrì, mótò á gbàgbé gbogbo rẹ̀. "Ohun tí kọ̀ǹpútà wa fẹ́ gbọ́ gan-an lẹ̀ ń nù kúrò, Bàbá."

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ wọnú ilẹ̀ lọ. Jẹ́jẹ́ bọ́ fìlà rẹ̀, kò tún un dé mọ́.

Wọ́n ní ká fi í sílẹ̀. Mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ wọlé sínú rẹ̀, ó ń wà á yí àgbàlá wọn ká nínú oòrùn, ó jáde sí títì, ó tún wọlé. A dúró sábẹ́ ìbòòji, à ń wò ó. Ó pẹ́. Ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Nígbà tó wá ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri bọ̀, mótò dákẹ́ wẹ́lo, ó dúró gbagidi, iná ọlọ́sàn yẹn sì tàn. Mo pàtẹ́wọ́! Mo fò sókè! Àwọn olówó tó wá ra mótò tuntun ń wo obìnrin tó ń jó nítorí pé mótò kú. Kí wọ́n máa wò.

Wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́, mótò sì jẹ́wọ́. Ohun kékeré kan ni, kò ju àtàǹpàkò lọ, òun ló ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Bí ooru bá ti mú un, á yadi, ẹ́ńjìnnì ò ní mọ ohun tó kàn, á kú. Bó bá tutù, á tún máa sọ̀rọ̀. Wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n pààrọ̀ wáyà rẹ̀, mẹkáníìkì tún wà á yí ká nínú oòrùn kan náà títí ó fi sú u. Kò kú.

"Ẹ máa gbé e lọ, Bàbá. Kò ní kú mọ́."

Obìnrin tó ń gba mótò wọlé ti ròyìn fún Màmá, Màmá sì ti pè ká tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní kí Jẹ́jẹ́ dárí ji àwọn, wọ́n ní ọmọ wọn náà ní kí wọ́n bá òun bẹ̀ ẹ́. Àkọ́bí yìí ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ, Màmá ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì lọ gbé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú. "Ìwọ ni, Jẹ́jẹ́. Ìwọ ni màá fi àwọn ọmọ ọmọ mi lé lọ́wọ́."

Mo kọrin láti ibẹ̀ dé ilé. Jẹ́jẹ́ ń wakọ̀, ó rọra ń lọ, ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní gbogbo oríta, ó ń dúró pẹ́ títí àwọn tó wà lẹ́yìn á fi máa fọn họ́ọ̀nù. Mo rò pé ìbẹ̀rù tó ti wọ̀ ọ́ lára ni, á fi í sílẹ̀.

A délé, mo gbé oúnjẹ kalẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

"Dádì, kí ló tún kù? Wọ́n ti rí i. Gbogbo ayé ti mọ̀ pé ẹ ò jẹ̀bi."

Ilẹ̀ ló ń wò. "Aránṣọ, lọ́jọ́ oríta yẹn, mótò kú lóòótọ́."

"Ta ló ń jiyàn?"

"Kó tó kú, mo ti tẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ọ̀nà mọ́ lójú mi. Mi ò rí tírélà yẹn." Ó gbé ojú sókè. "Odidi tírélà, Aránṣọ. Mi ò rí i."

Ọ̀rọ̀ náà ò kọ́kọ́ wọlé sí mi lára. Lẹ́yìn náà, ó wọlé. Mo tún rí àwọn táyà yẹn níwájú wa, mo sì rí ibi tí à bá wà ká ní ẹ́ńjìnnì ò dákẹ́, èmi, òun àti Màmá, lábẹ́ wọn.

"Ojú òsì ni," ó wí. "Láti ìgbà òjò. Ó dà bíi kọ́tìnnì tí wọ́n fà bo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fà á sí i. Mo rò pé á lọ."

Mo dìde. Mo mú ègé aṣọ pupa kan nínú apẹ̀rẹ̀ mi, mo lọ sí apá òsì rẹ̀, mo nà án jáde, mo ń fì í. Ó kàn ń wo iwájú bí ẹni tó ń dúró de nǹkan.

"Kí ni mo mú dání?"

"Jókòó ná, ká jọ sọ̀rọ̀," ó wí. "Níbo lo tún lọ?"

Kò fi mí ṣeré. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi aṣọ náà bo ẹnu. Gbogbo ẹ̀rù tó ti ń bà mí tẹ́lẹ̀, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. Màmá ni. Ó wò ó, ó wò mí, kò gbé e. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ o: mo rò ó. Mo sọ fún ara mi pé ká dákẹ́. Mo ní ọ̀la nìkan ni, á rọra wà á, màá jókòó tì í níwájú, màá máa wo òsì bá a, lẹ́yìn náà a ó wá nǹkan sọ. Fóònù dákẹ́. Mo ń wo oúnjẹ tó ń tutù, mo ń rò ó, àwọn ọmọ kéékèèké tí mi ò tíì rí rí sì jókòó lẹ́yìn mótò nínú ọkàn mi. Fóònù tún dún. Mo gbé e, mo fi lé e lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ káàsán mà," ọkọ mi wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dírẹ́bà míì."

Mo gbọ́ ohùn Màmá tó lọ sókè. "Kí ló dé? Ṣé ó tún ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá o, Màmá." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ méjèèjì, èyí tó ń ríran àti èyí tí kò ríran. "Ó ti dára. Torí pé ó ti dára ni ẹ̀rù ṣe ń bà mí."